Orin Tí Ó Sọ Ìlú Kalẹ̀

Ọ̀sán ni wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Oníokùn sí ìgbìmọ̀ ogun. Omi èèpo igi tó fi ń lọ́ okùn ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, kò ráyè nù ún. Láti ìgbà tí ogun ti sàga ti ìlú, irú èèyàn méjì péré ni wọ́n ń pè síbẹ̀: ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè àti ẹni tí wọ́n fẹ́ bẹ́ lórí. Ó wo ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Kò jọ ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè.

Ilé ẹ̀tù ni wọ́n ti ń pàdé, nítorí ògiri ibẹ̀ ló nípọn jù. Wọn kì í tanná níbẹ̀, ẹni tó bá wọlé á kọ́kọ́ dúró kí ojú rẹ̀ mọ òkùnkùn. Ẹni tí Ìyá Oníokùn kọ́kọ́ rí ni olórí-ogun, tí gbogbo ìlú ń pè ní Apáta. Tó bá ń kọjá nígbà ayé ọ̀pọ̀, àwọn ọmọ ogun á máa kí i pé, "Apáta, òkè tí í tú ọkọ́ lẹ́nu, a-rógun-má-ṣẹ́jú." Ayé ọ̀pọ̀ ti lọ. Ẹ̀wù ogun rẹ̀ ti wá fẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹni yá a wọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀kan jókòó tì í, olórí àwọn oníbọn. Ọta ìbọn ló ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́ nígbà èwe rẹ̀, àmọ́ apá rẹ̀ méjèèjì nípọn bí ìtì igi. Ọ̀rẹ́ ọkọ Ìyá Oníokùn tó ti dolóògbé ni, kò sì fi ìgbà kan pè é ní nǹkan mìíràn ju ìyàwó lọ.

"Ìyàwó, jókòó," ni Ẹlẹ́sẹ̀kan wí. "A ò tíì fẹ́ pa ọ́."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Èmi náà ò tíì múra."

Apáta ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, okùn mélòó lẹ ní nílẹ̀ tó lè gbé èèyàn?"

"Mẹ́rin. Mẹ́ta jẹ́ tuntun. Èèpo igi tán lọ́wọ́ mi, mo bá tú okùn kànga àtijọ́ láti fi lọ́ ìkẹrin."

"Ìkẹrin yẹn, ṣé ó lágbára?"

"Ó lágbára tí ó bá tutù. Kí wọ́n máa da omi sí i níbi tó ti tẹ̀ lórí òkúta. Tí ó bá gbẹ, òkúta á jẹ ẹ́ bí eku ti í jẹ aṣọ."

Apáta wá là á yé e. Wọ́n ti gbá ilẹ̀ àká, erùpẹ̀ ló jáde. Ìlú ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀tá dó sí iwájú, ó dó sí ọ̀tún, ó dó sí òsì, àmọ́ ẹ̀yìn ìlú ni àpáta gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wà, wọ́n sì ní ewúrẹ́ gan-an ò lè gba ibẹ̀, nítorí náà wọn ò fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ àpáta náà ni ipadò gbígbẹ kan wà tó wọ inú igbó lọ. Ibẹ̀ ni wọn yóò fi okùn sọ gbogbo ìlú kalẹ̀ sí, tàgbà tèwe.

"Kí ló wá kù?" ni Ìyá Oníokùn bèèrè.

"Ariwo ló kù," ni Apáta dáhùn. "Ọmọdé á ké, òkúta á yọ̀. Tó bá dòru, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn kì í sùn, ajá wọn kì í sùn. Ìgbà kan ṣoṣo ni etí wọn kì í sí lára wa, ìyẹn ìdájí tí ẹ̀yin onígbàgbọ́ bá ń kọrin. Iwájú ni gbogbo wọn ń wá, wọ́n á máa fi yín ṣẹ̀sín. Ti ọjọ́ ìsinmi yín ló sì máa ń gùn jù. Ọ̀la kọ́?"

"Ọ̀la ni."

"Ẹ kọrin lọ́la bí ẹ ti máa ń kọ ọ́. Bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ níwájú, ìlú á máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin olórin lẹ ó kẹ́yìn."

Ìyá Oníokùn wo ọwọ́ rẹ̀. "Baba, orin wa kì í ṣe ìdẹ. Ẹni tí à ń kọ ọ́ sí ń gbọ́ ọ."

"Ó ti ń gbọ́ ọ látọjọ́ yìí," ni Ẹlẹ́sẹ̀kan sọ, "ogun ò sì lọ. Kí Ó yọ̀ǹda kí àwọn ọ̀tá náà fetí sí i fún wa lẹ́ẹ̀kan."

"Mi ò ní kí ẹ purọ́," ni Apáta wí. "Mi ò ní kí ẹ pààrọ̀ orin. Ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ náà ni."

Ìyá Oníokùn rò ó títí. Kò rí irọ́ níbẹ̀. Ó ní òun gbà.

Wọ́n gbé idà kalẹ̀ sáàárín. Ẹlẹ́sẹ̀kan ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé e. "Bí mo bá kúrò nílùú kí ẹni ìkẹyìn tó balẹ̀, kí irin pa mí, kí ilẹ̀ má gbà mí." Wọ́n búra yí po, títí ó fi kan Ìyá Oníokùn. Kò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè.

"Tí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Jésù tí mò ń sìn ò fẹ́ kí n fi nǹkan kan búra."

Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ogun kùn. "Ẹni tí ò lè búra, kí ni a ó fi mọ̀ pé kò ní tà wá?"

"Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú lórí odi yìí," ni Apáta sọ. "Ṣé nǹkan tó jùyẹn lọ lẹ fẹ́ kó fi búra?"

Wọ́n gbé idà kúrò.

Ọ̀rọ̀ tí Apáta fi gbà á sílẹ̀ yẹn náà ló gún un lọ́kàn délé. Ohun tí ìgbìmọ̀ ò mọ̀ nìyí: látọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí odi, ẹnu nìkan ni Ìyá Oníokùn fi ń kọrin. Ìgbà tí oníwàásù wọn kú nínú àìsàn, òun tí kò mọ̀wé, tó jẹ́ pé orí ló kó gbogbo orin náà sí, ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sọ pé orin rẹ̀ ń tu àwọn nínú. Òun a máa mi orí, a máa rò ó pé, ẹ̀yin ará yìí, igbá òfìfo lẹ̀ ń mumi nínú rẹ̀. Tó bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ohun tó ń gbọ́ kò ju ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lọ, bó ti ń gun àkàbà odi lọ́jọ́ yẹn, tí kò bojú wẹ̀yìn. Ìbẹ̀rù ti wá gba ibi tí àlàáfíà wà tẹ́lẹ̀, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó sì ń sùn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ló mọ̀. Ìyá bá a nínú búkà okùn, tí ó gbé ọmọ ọmú pọ̀n, ó ń ká okùn kẹrin bí ẹni ń ká ejò.

"Èmi ò lọ," ni ọmọbìnrin náà sọ kí ìyá tó jókòó. "Màá dúró kọrin pẹ̀lú yín."

"Ohùn rẹ ò dára tó bẹ́ẹ̀."

"Ìyá, mi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Ohùn bàbá rẹ lo jogún, Ọlọ́run á dárí jì í." Ó gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Gbọ́ mi. Okùn kẹrin yìí ni wọ́n pín fún àwọn abiyamọ. Baba Oníbodè ni yóò dúró tì í. Mo sọ ọ̀rọ̀ omi fún un títí, ó ń wí pé òun ti gbọ́, òun ti gbọ́. O mọ bí etí rẹ̀ ti rí."

"Ẹni tó ń dáhùn kí ìbéèrè tó dé."

"Ẹ̀hẹn. Kí o tó tẹ okùn yẹn, fọwọ́ kàn án. Tó bá gbẹ, má sọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kan okùn. "Ẹ bá wa gbàdúrà sí i."

"Ìwọ gbà á."

"Ẹ ò tíì padà síbẹ̀?"

"Síbo?"

"Ibi tí ẹ wà kí ẹ̀gbọ́n mi tó kú."

Ìyá Oníokùn fi àtàńpàkò nu ẹnu ọmọ ọmú náà. "Ẹnu mi wà níbẹ̀," ló sọ.

Nígbà tí ojú ọ̀run pupa díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn olórin ti pé sínú odi iwájú, ní gbàgede tóóró tí Ìyá Oníokùn ti ń na okùn rẹ̀. Kí ogun tó dé, ibẹ̀ a máa kún. Lónìí, díẹ̀ ni wọ́n: Alágbẹ̀dẹ, tí ohùn rẹ̀ ń dún látinú ikùn, Ìyá Ìkòkò tí í mọ ìkòkò, tí kì í gba ọ̀rọ̀ lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti àwọn mìíràn tí wọ́n ti fi ọmọ àti aya ṣọwọ́ sẹ́yìn ìlú. Ojú gbogbo wọn ń wo ẹ̀yìn. Ìyá Oníokùn pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè wo iwájú, ó sì gbé orin.

"Mo dé bèbè, bèbè ń yọ̀."

"Ọwọ́ Jésù ló mú mi dúró," ni wọ́n gbè.

"Mo wòkè, òkè ṣú."

"Ọwọ́ Jésù ló mú mi dúró."

Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ fi ń dún lóde odi. Àwọn ọmọ ogun ọ̀tá ń bọ̀ wá wòran bí ìṣe wọn. Ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọn ará ìlú ò mọ ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ẹnu-ò-sinmi.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Olórin," ló pariwo látòde. "Ebi ò tíì pa yín kú?"

"Ó wá síbí lánàá," ni Ìyá Ìkòkò dá a lóhùn, "ó ní ọ̀dọ̀ yín lòun ń lọ, kí n júwe ọ̀nà."

Àwọn ọ̀tá rẹ́rìn-ín. Àwọn olórin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì ń bá orin lọ. Lẹ́yìn, ìlú ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò rí i, àmọ́ etí wọn ń gbọ́ ọ lábẹ́ orin: ẹsẹ̀ púpọ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, ọmọ kan tó sunkún tí wọ́n fi ọmú dí lẹ́nu. Ìyá Oníokùn ń kọrin, àmọ́ orí okùn kẹrin lọkàn rẹ̀ dúró sí. Ṣé wọ́n ń da omi? Ọwọ́ ta ló wà lórí okùn báyìí?

Igbe kan ta lẹ́yìn. Nǹkan fọ́ sórí òkúta. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Orin gé mọ́ ọn lẹ́nu. Alágbẹ̀dẹ sáré gbé ègbè, ó gbé e lẹ́ẹ̀mejì, kí àlàfo má bàa hàn. Ìyá Oníokùn ti yí padà. Ó fẹ́ sáré lọ sẹ́yìn. Bí ó bá lọ, orin á dúró. Bí orin bá dúró, gbogbo ẹni tó wà lára okùn di òkú. Ó di ògiri mú.

"Ìyá Olórin." Ohùn Ẹnu-ò-sinmi ti yàtọ̀. "Ohùn yín tẹ́ẹ́rẹ́ lónìí. Àwọn ọmọdé dà? Àwọn tó máa ń han bí ẹyẹ."

Orin ń lọ, àmọ́ gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá Oníokùn. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀tá ti bèèrè. Ẹlòmíràn ò lè gbà á sọ.

"Ẹ ní wọ́n ń sùn," ni Alágbẹ̀dẹ sọ sí i létí.

Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Ó ti dé ètè rẹ̀ gan-an. Àmọ́ orúkọ Jésù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu kan náà, kò sì lè tẹ irọ́ lé e lórí. Ó wá òótọ́ tó lè sọ tí kò ní pa ìlú. Ó wá a bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ẹyọ kan ṣoṣo ló rí.

"Wọ́n wà lọ́wọ́ Ọlọ́run," ló ké sí i.

"Ọwọ́ Ọlọ́run." Ẹnu-ò-sinmi tún ọ̀rọ̀ náà wí. "Mi ò bèèrè ọwọ́ ẹni tí wọ́n wà. Ibi tí wọ́n wà ni mo bèèrè." Ó bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dún lọ sọ́nà ibùdó wọn.

"Ó ti fura," ni Alágbẹ̀dẹ sọ. Ó ti ń bínú. "Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀ bá ti ní wọ́n ń sùn, Ìyá."

"Mo mọ̀."

Àmọ́ nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i tí kò tíì lè sọ fún Alágbẹ̀dẹ. Ọ̀tá ló fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu rẹ̀. Kì bá tí sọ ọ́ fún ara rẹ̀ láé. Nígbà tó sì ti jáde, òun náà gbọ́ ọ. Wọ́n wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Eléyìí tó wà lórí okùn, eléyìí tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bí okùn já, bí kò já. Ọmọ tó gun àkàbà odi tí kò bojú wẹ̀yìn náà ńkọ́? Ọwọ́ kan náà. Òun ló rò pé ọmọ yẹn já bọ́. Ibi tó já bọ́ sí ni kò tíì wò. Ẹ ṣáà mọ okùn tí wọ́n lọ́ jù, tó ń kákò fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ ò lè tẹ́ ẹ sílẹ̀? Tí ẹ bá fi etí rẹ̀ kan sílẹ̀, á yí, á yí, á tú ara rẹ̀, á wá sùn gbọọrọ. Bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ ṣe tú, níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lára ògiri, tí kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Kò tún fetí sí ẹ̀yìn mọ́. Ó tú ọwọ́ lára ògiri.

"Mo dé bèbè," ló gbé e, "bèbè ń yọ̀."

Ìyá Ìkòkò yí ojú wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Lóde odi, àwọn tí wọ́n ń ṣẹ̀sín dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí ẹnìkejì má sọ̀rọ̀.

Bí oòrùn ti yọ sí odi, ìránṣẹ́ Apáta wá fọwọ́ kan èjìká Alágbẹ̀dẹ: ìlú ti balẹ̀, ó kan àwọn olórin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yọ kúrò, orin ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ò fẹ́ lọ.

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá."

"Lọ, ọmọ mi. Ègbè rẹ ló gbà wá lẹ́ẹ̀kan."

Ó ku Ìyá Oníokùn nìkan. Ó ń lé, ó sì ń gbè é, ó ń pàtẹ́wọ́ sára ògiri kó lè dún bí ọwọ́ púpọ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń wọ́ bọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀kan ni, ìbọn wà léjìká rẹ̀, omi sì ti rẹ aṣọ rẹ̀ títí dé ìgbáròkó.

"Okùn kẹrin ò já," ló sọ. "Ọmọ rẹ balẹ̀, tòun tọmọ. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ títí tó fi rí i pé okùn tutù. Baba Oníbodè gbé ìkòkò omi, ó jẹ́ kó bọ́ sórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì ké bí ìgbà tí ogun wọlé. Àtìgbà yẹn ni èmi fúnra mi ti ń pọnmi."

Ìyá Oníokùn mi orí sí i. Kò dá orin dúró.

"Wọ́n ti wọ igbó, ìyàwó. O lè dákẹ́ wàyí."

Ó parí ẹsẹ orin náà kó tó dáhùn. "Eléyìí tó kù yìí, kì í ṣe torí wọn."

Ẹlẹ́sẹ̀kan wò ó bí ẹni tó ń wo ìbọn tí kò mọ bí wọ́n ti ń kì í. "Kò bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ó bà mí. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀gá mi mọ́."

Lóde, igi ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ti ń gbé àkàbà bọ̀. Ẹlẹ́sẹ̀kan di apá rẹ̀ mú, wọ́n jọ gba inú ìlú òfìfo lọ, òun ń tiro, ìyá ń kọrin, ilẹ̀kùn gbogbo ṣí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta, ó so okùn mọ́ ọn nídìí, ó da ìyókù omi sí ibi tí okùn tẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ọkọ mi?"

"Ta ni yóò sọ èmi kalẹ̀? Ẹsẹ̀ wo ni n ó fi rìn ín?" Ó fi okùn yí òpó òkúta, ó fi apá rẹ̀ tó nípọn dì í mú. "Mo sì búra. Ìwọ nìkan kọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Sọ̀. Ṣùgbọ́n bí orin bá dá, wọ́n á mọ̀ pé ìlú ti ṣófo. Kí ni èmi ó máa wí?"

"Ègbè nìkan. Ọwọ́ Jésù ló mú mi dúró."

"Mi ò mọ orin kọ."

"A ti mọ̀. Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Ìyá Oníokùn sọ̀ sójú àpáta. Okùn tutù, ó le, ó ń dún díẹ̀ lórí òkúta. Ó gbé e látibẹ̀ pé òun dé bèbè, bèbè ń yọ̀, ohùn kan sì dáhùn lókè, ohùn tó gbẹ, tó wọ́, tí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu láyé. Láti iwájú odi lọ́hùn-ún, àwọn ọ̀tá kígbe pé màlúù wo nìyẹn. Ẹlẹ́sẹ̀kan, tí kì í gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ alààyè láìyìnbọn, ò fèsì. Ó ń tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tún ègbè kọ. Ó ń kọ ọ́ ní àkọtúnkọ, bí ẹni tó ń dán ilẹ̀ wò lábẹ́ ẹsẹ̀, tó sì rí i pé ilẹ̀ náà le.

Ẹsẹ̀ ìyá kan ipadò. Ó tú okùn nídìí ara rẹ̀, ó fà á lẹ́ẹ̀kan kí Ẹlẹ́sẹ̀kan lè mọ̀ pé òun ti balẹ̀, ó sì gba ojú ipadò lọ sínú igbó, ó ń lé orin, ó ń dúró de ègbè. Ègbè ń wá. Ó dé ibi igi àkọ́kọ́, ègbè wá. Ó dé ibi tí òjìji ti ṣú, ó lé e, ó dúró, etí rẹ̀ wà lókè àpáta.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Ó dúró díẹ̀ sí i, ègbè ò wá. Lẹ́yìn náà ó gbé ègbè fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́, ó sì ń bá ọ̀nà lọ.